Huisarts, ziekenhuis, stadhuis: níbo ni kí n fi agbára sí nínú ọ̀rọ̀ Dutch?

Ìyá Aláró, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè Dutch nínú yín, ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Kò jẹ́ kí n sùn dáadáa mọ́.

Aṣọ ni mò ń pa láró níbí ní Òṣogbo, àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Iṣẹ́ ìyá mi ni, ọwọ́ ìyá tirẹ̀ lòun náà sì ti kọ́ ọ. Ọkọ mi wà ní Eindhoven ní Nẹ́dálándì, iṣẹ́ jórinjórin ló ń ṣe níbẹ̀, ó ti pé ọdún mẹ́ta báyìí. Kí wọ́n tó lè fún mi ní ìwé láti lọ bá a, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò èdè wọn láti ìhín. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí: ọ̀rọ̀ sísọ, ìwé kíkà, àti ìmọ̀ nípa ìlú wọn. Kọ̀ǹpútà ló ń béèrè, òun náà lèèyàn ń dá lóhùn. Ìwé kíkà kò dẹ́rù bà mí. Ìmọ̀ nípa ìlú wọn náà, mò ń há a sórí díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ sísọ gan-an ni wàhálà mi.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, lọ́jọ́ Àìkú, ọkọ mi gbé fóònù fún ìyá àgbà kan tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò, ọmọ Nẹ́dálándì pọ́ńbélé, pé kí a jọ sọ̀rọ̀ kí ẹnu mi lè là. Ìyá náà ní sùúrù. Ó bi mí pé bí ara mi kò bá yá, ọ̀dọ̀ ta ni n ó lọ. Mo ti kọ́ ìbéèrè yẹn dáadáa, torí lọ́dọ̀ wọn, èèyàn kì í ṣàdédé gba ilé ìwòsàn lọ. Dókítà àdúgbò tó mọ ìdílé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rí, òun ni wọ́n ń pè ní huisarts. Inú mi dùn, mo dá ìyá lóhùn kíá. Kò gbọ́. Mo tún un sọ, kò gbọ́. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbé ohùn sókè bí ẹni pé etí rẹ̀ ló di. Ọkọ mi wá gba fóònù, ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà lẹ́ẹ̀kan, ìyá sì ní, "Aa, huisarts!"

Ó dùn mí dé ọkàn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ṣáà sọ. Mo bẹ ọkọ mi kó fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé fóònù sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró, mo ń tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀túntẹ̀, bó bá sì ti ń sọ ọ́ ni mò ń fi igi ìró aró kan etí ìkòkò. Nínú ohùn tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni igi kan ìkòkò: àkọ́kọ́ wúwo, èkejì fúyẹ́. Mo wá gba ohùn tèmi sílẹ̀, mo sì gbọ́ ọ: họ́-ì-sá-à-tì-sì. Ìgbà mẹ́fà! Bẹ́ẹ̀ ni s tó jẹ́ ti huis ti kúrò nílé rẹ̀, ó ti lọ bá a tó jẹ́ ti arts.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan. Ziekenhuis tó jẹ́ ilé ìwòsàn, orí huis ni mò ń fi agbára sí, ìyẹn ni pé ibẹ̀ ni mò ń tẹ̀ jù, ọkọ mi ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wá sọ fún ara mi pé ó dáa, iwájú ni gbogbo agbára wà. Ni mo bá sọ STADhuis, ilé ìjọba ìlú, ó tún ní rárá, stadHUIS ni. Amsterdam náà, ẹ̀yìn. Ó fi ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń kọ ní voorkomen hàn mí, ó ní bí n bá fi agbára síwájú ó ní ìtumọ̀ kan, bí n bá fi sí àárín ó di nǹkan mìíràn. Ìkòkò aró tí mo jókòó tì yìí, ó ní verfkuip ni wọn yóò máa pè é lọ́hùn-ún. Ẹnu tèmi: fẹ́-rì-fù-kọ́-ì-pù.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí. Nígbà tí wọ́n bá kan ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta mọ́ra tí wọn kò fi àlàfo sáàárín, báwo ni mo ṣe lè mọ ojú oríkèé rẹ̀, ibi tí ọ̀kan parí tí èkejì bẹ̀rẹ̀? Àti pé, ǹjẹ́ òfin kan wà fún ibi tí agbára ń wà, àbí kí n máa há wọn sórí lọ́kọ̀ọ̀kan? Oṣù tó ń bọ̀ ni ìdánwò mi.

Ọmọ Ìlá ní Rotterdam

Àǹtí mi, àrẹdú o! Ọdún kọkànlá mi rèé níbí, ilé ìdáná ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ Dutch tí ẹnu mi ti sọ tó ziekenhuis. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe yé mi.

Àwa Yorùbá, ohun tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an la máa ń kọ́kọ́ gbé kalẹ̀: ilé ìwòsàn, ilé ìwé, ilé ẹjọ́. Ilé ló ṣáájú, irú ilé tó jẹ́ ń tẹ̀ lé e. Àwọn tibí yí i padà. Irú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ sọ, ilé á wá gbẹ̀yìn: zieken ni àwọn aláìsàn, huis ni ilé. Ilé sì pọ̀ nígboro, ohun tó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ lára ìyókù ni wọ́n ń fi agbára sí kí olùgbọ́ lè tètè mú un. ZIEkenhuis. WEEShuis, ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí. geMEENtehuis, ilé ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ wo ti ìkẹyìn yẹn dáadáa: ge ló ṣáájú, àmọ́ kò ní agbára, torí pé nígbà tí gemeente dá wà, MEEN ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ iwájú máa ń mú agbára rẹ̀ wá láti ilé. Bẹ́ẹ̀ náà ni staTIONSplein, ojúde tẹ́ṣàn rélùwéè. Ìdí nìyí tí agbára fi kúrò lórí huis tí ẹ̀ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀: etí Yorùbá yín ń wá ilé, ẹ sì rò pé ibẹ̀ ni ọlá wà.

Ẹ fi èyí kún un, ó ti gbà mí lọ́pọ̀ ìgbà: agbára, ọ̀rọ̀ iwájú ló ni ín. Àmọ́ de tàbí het, ọwọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ló wà. Het bad ni wọ́n ń pe ibi ìwẹ̀, de kamer ni yàrá. Ẹ bá kàn wọ́n pọ̀, de BADkamer ni.

Ọkọ yín kò ṣìnà lórí stadhuis. Àwọn tó ya ara wọn sọ́tọ̀ wà, ẹ máa há wọn sórí bí ẹ bá ṣe ń pàdé wọn: stadHUIS, burgeMEESter tó jẹ́ olórí ìlú, boerenKOOL, ẹ̀fọ́ kan tí wọ́n máa ń gún mọ́ ọ̀dùnkún nígbà òtútù. Àwọn ìlú tó parí sí dam, ẹ̀yìn ni gbogbo wọn: AmsterDAM, RotterDAM, SchieDAM, VolenDAM. Ìdídò ni dam, ibi tí wọ́n ti fi yẹ̀pẹ̀ dí odò Amstel ni orúkọ Amsterdam ti wá. Ṣùgbọ́n ìlú ọkọ yín, EINDhoven ni.

Ti voorkomen yẹn, ẹ má fojú kékeré wò ó. VOORkomen ni kí nǹkan máa ṣẹlẹ̀. voorKOmen ni kí èèyàn dènà rẹ̀ kó má ṣẹlẹ̀. Ẹ ò rí i pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ta ko ara wọn! Bí agbára bá wà níwájú, ọ̀rọ̀ náà á já sí méjì nínú gbólóhùn, wọn á ní "het komt voor". Bí ó bá wà ní àárín, kì í já: "ik voorkom het". Nígbà tí wọ́n bá rí i pé òǹkàwé lè ṣì í, wọ́n máa ń fi àmì sórí rẹ̀, vóórkomen, voorkómen. Àwọn náà mọ àmì lò bí tiwa. Bákan náà ni bloedarm: BLOEDarm ni ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, bloedARM ni ẹni tí òṣì ta dé egungun. Àwọn ọ̀rọ̀ àpèjúwe tí wọ́n fi ń sọ pé nǹkan pọ̀ lápọ̀jù sábà máa ń tẹ̀ sẹ́yìn báyẹn: doodMOE, ó rẹ̀ mí dé ojú ikú.

Ẹ máa sọ ọ́ síta, àǹtí. Ẹ má kàn máa kà á lójú.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Òkè-Fìà

Ìyá Aláró, ẹ kú ìgbìyànjú. Èdè Yorùbá ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé girama títí mo fi fẹ̀yìntì, n kì í sọ Dutch, ṣùgbọ́n àbúrò mi ọkùnrin gbé ibẹ̀ pẹ́, ìwé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Ohun tí igi yín gbọ́ létí ìkòkò ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé.

Sílébù tiwa kì í parí sí kọ́ńsónáǹtì. Fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ni, tàbí kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì, tàbí n àti m tó ń dá gba ohùn tirẹ̀. Kò sí èyí tó tún kù. Nítorí náà, bí ahọ́n wa bá pàdé verf, ó máa ń wá fáwẹ̀lì kí ó tó lè kúrò lórí r, á tún wá òmíràn kí ó tó kúrò lórí f. Báyìí ni búrẹ́dì àti tíkẹ́ẹ̀tì ṣe wọlé wá. Ó yẹ wá nínú èdè tiwa. Nínú tiwọn, ńṣe ló ń fi òkúta sí ọ̀nà: agbára tó yẹ kó wà lórí ẹyọ kan ti tàn ká orí mẹ́fà, olùgbọ́ kò sì rí ibi tí yóò dì mú.

Èkejì ni ojú oríkèé tí ẹ béèrè. Bí ọ̀rọ̀ Yorùbá méjì bá pàdé, a máa ń pa fáwẹ̀lì kan jẹ, oríkèé á sì rá. Ẹ̀yin aláró ló yẹ kí ẹ mọ àpẹẹrẹ rẹ̀ jù. Ìtàn ìtẹ̀dó ìlú wa sọ pé igi tí àwọn ọdẹ gé wó lu ìkòkò aró Ọ̀ṣun, ohùn sì ti inú odò jáde pé oṣó inú igbó ti fọ́ ìkòkò aró òun tán. Oṣó pàdé igbó, a pa i jẹ, ó di Òṣogbo. Ta ló tún ń rántí oríkèé inú rẹ̀ bí ó bá ń wọ ọkọ̀ ní Ọláìyá?

Dutch kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ògiri máa ń dúró láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ẹ mú avondeten, oúnjẹ alẹ́. Avond ni ìrọ̀lẹ́, eten ni oúnjẹ. Bí avond bá dá wà, d tó gbẹ̀yìn rẹ̀ máa ń dún bíi t, nítorí pé d kì í dún bíi d ní ìparí ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Bí ó bá di púpọ̀, avonden, d á padà sí ohùn rẹ̀, torí ó ti di ìbẹ̀rẹ̀ sílébù tó kàn. Ó wá yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀ nínú avondeten náà, ṣé e ló tẹ̀ lé e? Ṣùgbọ́n t ni wọ́n ń pè é síbẹ̀: avont, lẹ́yìn náà eten. Kódà bí ẹnu bá yá tí ohùn méjèèjì lẹ̀ mọ́ra, t náà kò ní di d. Ẹ̀rí ògiri yẹn nìyẹn. Fún ìdí yìí, bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ gígùn, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í gé e sí sílébù. Ẹ kọ́kọ́ wá àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ ti mọ̀ nínú rẹ̀, ẹ fi ìlà tín-ín-rín sáàárín wọn, huis|arts, verf|kuip, kí ẹ tó wá pín èyí tó kù: zie-ken, ge-meen-te.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí yóò fi yín lọ́kàn balẹ̀. Etí Yorùbá mọ ibi agbára, ó ti pẹ́ tó ti mọ̀ ọ́n. Àwọn tó mú computer wọ èdè wa gbọ́ pé òyìnbó tẹ ẹyọ àárín, wọ́n sì fi ohùn òkè síbẹ̀: kọ̀ǹpútà. Hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yìn ni òyìnbó tẹ̀, ẹ̀yìn ni ohùn òkè bọ́ sí. Tísà, iwájú. Nítorí náà, ẹ máa fi àmì ohùn òkè sórí ẹyọ alágbára nínú ìwé yín, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ láìsí àmì. Ẹ kàn rántí pé ohùn òkè nìkan kò tó. Ẹ fà á díẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣe kedere, kí e inú ken àti te sì rọ̀ débi pé yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún.

Atẹ̀wé Ìgbọ̀nà

Ẹ kú ìjókòó, sà. Ọ̀rọ̀ ògiri tí ẹ sọ yìí ti ná mi lówó rí. Mo tẹ ìwé ìpè ìgbéyàwó kan ní Yorùbá àti Dutch, àyè kò gba bruiloftsfeest lórí ìlà kan, mo sì gé e sí bruiloft-sfeest. Ìdílé ìyàwó dá gbogbo rẹ̀ padà. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé s tí wọ́n fi ń lẹ ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, ti iwájú ni: bruilofts-feest. Bẹ́ẹ̀ náà ni en inú pannenkoek, pannen-koek ni wọ́n ń gé e. Àwọn àgbà wọn kan ṣì máa ń kọ ọ́ ní pannekoek, torí ọdún 1995 ni òfin ìkọ̀wé tuntun fi n náà kún un. Bí fáwẹ̀lì bá sì fẹ́ kọlu fáwẹ̀lì ní ojú oríkèé, wọ́n máa ń fi ìlà sí i kí ojú má bàa ṣì í, zee-eend, ìyẹn pẹ́pẹ́yẹ inú òkun.

Ọmọ Ìlá ní Rotterdam

Atẹ̀wé, ẹ kú àdánù yẹn. Ó rán mi létí ọ̀rọ̀ kan tí a fi ń dán ara wa wò níbi iṣẹ́: massagebed. Bí ẹ bá gé e sí massage àti bed, bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ń dùbúlẹ̀ lé kí wọ́n wọ́ ara fún wọn ni. Bí ẹ bá gé e sí massa àti gebed, àdúrà ọ̀pọ̀ èrò ni, irú èyí tí à ń gbà ní pápá nígbà ọdún. Àwọn lẹ́tà kò yí padà rárá. Àmọ́ ẹ gbọ́ agbára: masSAgebed ni bẹ́ẹ̀dì, MASsagebed ni àdúrà. Etí á ti mọ ibi tí oríkèé wà kí ojú tó rí i. Ti kwartslagen kò rí bẹ́ẹ̀: kwart-slagen, yíyí ìdámẹ́rin, àti kwarts-lagen, ìpele òkúta kwarts, iwájú ni agbára méjèèjì, ọ̀rọ̀ tó yí i ká nìkan ló lè là wọ́n.

Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ fáwẹ̀lì tí Bàbá sọ bà yín lẹ́rù jù. Àwọn fúnra wọn máa ń fi e kékeré kan sínú melk, wọ́n á pè é ní mellek, wọ́n á sì pe verf ní verref. Ìyẹn kò burú. Ohun tí wọn kì í ṣe ni kí wọ́n fi fáwẹ̀lì sórí ògiri, láàárín verf àti kuip. Ẹ di ẹnu yín pọ̀ níbẹ̀, kí ẹ sì fò ó kọjá.

Ìyá Aláró, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Bàbá, mo kúnlẹ̀ o. Bùrọ̀dá wa ní Rotterdam, Olúwa á bù kún yín. Atẹ̀wé, ẹ ṣeun. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe ohun tí ẹ wí kí n tó padà wá síbí.

Mo mú àlùmánáàkì ọdún tó kọjá, mo kọ ọ̀rọ̀ ogójì sẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹ́ adìyẹ tí mo fi ń ya ẹ̀kọ sára aṣọ ni mo fi fa ìlà ògiri, mo ti í bọ aró, àwọ̀ rẹ̀ sì dúdú dáadáa. Ojoojúmọ́ ni mò ń kà wọ́n nígbà tí aṣọ bá wà nínú aró, torí bí aṣọ bá ti wọlé, ìdúró lókù títí a ó fi fà á jáde kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Ọ̀rọ̀ kan, igi kan ìkòkò. Bí iye tí igi kàn bá ju iye sílébù lọ, mo tún un bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó le jù fún mi ni kí n pa ẹnu dé lórí f inú verf láìwá fáwẹ̀lì. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló sọ pé kí n ṣe bíi pé mò ń fẹ́ ẹ̀ẹ́fín sẹ́yìn kí n tó bẹ̀rẹ̀ kuip. Mo ṣe é, ó bọ́ sí i.

Lánàá, mo tún bá ìyá àgbà yẹn sọ̀rọ̀. Mi ò jẹ́ kó béèrè. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ fún un pé mo ń lọ sọ́dọ̀ huisarts, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì bi mí lójú ẹsẹ̀ pé kí ló ń ṣe mí! Mo ní ara mi le, mo kàn ń kọ́ ọ ni. A sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún. Mo ṣì gbé agbára síwájú nínú boerenkool, ó sì rọra tún un sọ, mo tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo dé orí verfkuip, kò mọ ohun tí mo ń sọ, ẹ̀rù sì bà mí pé mo ti tún ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Ó ní rárá, òun gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ketekete, ṣùgbọ́n kí ni èmi ń fi verfkuip ṣe nílé? Mo yí fóònù padà, mo sì fi ìkòkò hàn án.